Ṣé ibà ni àbí ọjọ́ orí? Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ọdún 6, ara mi ò gbà fún mi

Aṣírò_Ìbàdàn (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Ọmọ ọdún 47 ni mí. Ọdún 11 ni mo fi ṣiṣẹ́ báńkì kí n tó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2018. Ìyá ọkọ mi ló ní àrùn rọpárọsẹ̀, àbíkẹ́yìn mi ò tíì pé ọdún méjì, ọkọ mi sì ń ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt. Ta ni kó dúró ti màmá? Èmi náà ni. Màmá ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ọmọ ti wọ iléèwé. Mo bá ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́. Oṣù kẹsàn-án tó kọjá ni mo rí iṣẹ́ aṣírò owó ní iléèwé aládàáni kan níbí.

Kò pé oṣù méjì tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀. Mo lè jókòó jẹ́jẹ́ níwájú kọ̀ǹpútà, ooru kan á gbéra láti àyà mi, á gun ọrùn, á gun ojú, òógùn á bò mí bí ẹni tó ń yan gaàrí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti lọ. Òtútù á wá mú mi. Lóru, ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń pààrọ̀ aṣọ. Mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín oṣù márùn-ún. Mo lo ti táífọ́ọ̀dù náà. Mo mu àgbo.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni orí mi. Èmi tí mo ka owó fún ọdún 11 láìṣì! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òbí kan san ₦85,000, mo kọ ₦58,000 sílẹ̀. Ọ̀gá mi, ọmọkùnrin tí kò ju ọdún 31 lọ, pè mí wọlé. Kò pariwo mọ́ mi rárá, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló fi bá mi sọ̀rọ̀, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo lọ sunkún sí. Ṣé ilé tí mo jókòó sí fún ọdún 6 ló ba ọpọlọ mi jẹ́ ni? Ṣé kí n kúrò kí wọ́n tó lé mi?

Ìyá_Elégbòogi (9:31 alẹ́)

Ooru inú ni. Mo ní àgbo rẹ̀, ìgò méjì péré, ara á tutù bí omi àmù. Ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Bàbá_Ọlọ́mọ_4 (9:40 alẹ́)

Ẹ lọ sinmi jàre. Wàhálà ni. Gbogbo èèyàn ló ń gbàgbé nǹkan ní Nàìjíríà yìí.

Apòògùn_Ẹ̀gbá (10:22 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín. Abẹ́òkúta ni mo ti ń ta oògùn, ó ti ń lọ sí ogún ọdún. Ẹ sọ̀rọ̀ ooru, ẹ sọ̀rọ̀ oorun, ẹ sọ̀rọ̀ orí, ẹ ò mẹ́nu ba nǹkan oṣù yín. Báwo ló ṣe ń wá?

Ìbéèrè kejì: nínú ibà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ lo oògùn sí, mélòó ni wọ́n gún yín lọ́wọ́ wò kí wọ́n tó fún yín lóògùn?

Aṣírò_Ìbàdàn (10:35 alẹ́)

Kò sí ìkankan. Mo kàn wọ kẹ́mísì ni.

Nǹkan oṣù… ó lè sá fún oṣù méjì, kó wá padà dé bí ẹ̀kún omi. Mò ń so páàdì méjì pọ̀. Ó máa ń dì bí ẹ̀dọ̀. Mo rò pé nítorí àárẹ̀ ni. N kì í sọ irú ẹ̀ fún èèyàn, orúkọ tí a fi bojú níbí yìí ló jẹ́ kí n lè kọ ọ́.

Apòògùn_Ẹ̀gbá (11:03 alẹ́)

Ẹ ṣé tí ẹ sọ ọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa.

Ibà tòótọ́ kì í dé kó sì lọ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà míì tí ooru yẹn bá gbéra, ẹ fi ìwọ̀n ooru ara sí abíyá. Tí ìwọ̀n yẹn ò bá gòkè, ibà kọ́ lẹ ń bá jà. Họ́mọ̀nù, èròjà tí ara ń ṣe láti fi darí iṣẹ́ rẹ̀, ni mo fura sí. Bí obìnrin bá ti ń sún mọ́ àsìkò tí nǹkan oṣù máa dáwọ́ dúró, ilé ẹyin rẹ̀ kì í ṣíwọ́ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó ń ṣe é ní ségesège: lónìí họ́mọ̀nù ẹ́sítírójìn pọ̀, lọ́la ó wálẹ̀. Ibì kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ ooru ara wa bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Bí ẹ́sítírójìn bá ń fò sókè-sódò, alámòójútó yẹn á máa já láyà lórí ohun tí kò tó nǹkan, á ní ara ti gbóná jù, á ṣí òógùn sílẹ̀. Ohun tí ẹ ń rí nìyẹn. Oorun tí kò kún lóru ló sì ń jẹ́ kí orí dà bí òkè tí ọyẹ́ bò láàárọ̀. Jíjókòó sílé kọ́ ló fà á.

Ó lè bẹ̀rẹ̀ láti bí ẹni 40 ó lé díẹ̀, ó sì lè fa ọdún gígùn. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní SWAN tẹ̀ lé àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 fi hàn pé ooru yìí bá àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú jà fún nǹkan bí ọdún 10, ó pẹ́ lára wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ọ̀sẹ̀ méjì ló máa lọ.

ṢÙGBỌ́N (mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́) mi ò lè jókòó sí Abẹ́òkúta kí n dájọ́ ara yín. Gẹ̀gẹ̀ ọrùn náà lè mú kí èèyàn máa làágùn, kí ọkàn máa sáré, kí oorun má wá, kódà kó tó yọ síta tí ojú fi máa rí i. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dì bí ẹ̀dọ̀ yẹn sì ni kò dùn mọ́ mi nínú. Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ìtọ́jú obìnrin. Kí wọ́n wo bí ẹ̀jẹ̀ yín ṣe pọ̀ tó (PCV), kí wọ́n wo TSH fún ti gẹ̀gẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán ilé ọmọ, kí wọ́n wọn ìfúnpá. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò oyún náà.

Ìyá Elégbòogi, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ báyìí kò gbọdọ̀ máa mu ohun tí a ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Aṣírò_Ìbàdàn (11:10 alẹ́)

Àyẹ̀wò oyún kẹ̀?! Ní 47?

Ìdọ̀wú_Òṣogbo (11:12 alẹ́)

Màámi rò pé nǹkan oṣù ti dáwọ́ dúró ni. Àbúrò mi tó ń jẹ́ Àìrótẹ́lẹ̀ wà ní kíláàsì kejì báyìí 😂

Apòògùn_Ẹ̀gbá (11:20 alẹ́)

Ìdọ̀wú ti dá yín lóhùn. Àfìgbà tí obìnrin bá lo oṣù 12 gbáko láìrí nǹkan oṣù la tó lè sọ pé ó ti dáwọ́ dúró. Bí kò bá tíì pé ọdún 50, a máa ń gbà á nímọ̀ràn pé kó má fi ìfètò-sọ́mọ-bíbí sílẹ̀ títí ọdún méjì yóò fi pé.

Ọkọ_Àdùkẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí èmi ọkùnrin sọ tèmi. Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi kó kúrò nínú yàrá wa. Parlọ̀ ló lọ ń sùn sí, orí táìsì, láìtẹ́ ẹní. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ fóònù rẹ̀ wò, mo ń wá ọkùnrin tó gba ìyàwó mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi bínú. Ọmọbìnrin wa tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ló délé fún ìsinmi, ló sọ fún mi pé, "Dádì, táìsì tutù ni." Ojú tì mí. Fáànù oníbátìrì ni mo fi bẹ̀ ẹ́.

Bàbá_Ọlọ́mọ_4 (7:15 àárọ̀)

Àwọn ìyá wa ò ṣe gbogbo èyí. Wọ́n ń lọ oko, wọ́n ń lọ ọjà, ẹ ò gbọ́ họ́mọ̀nù lẹ́nu wọn. Íntánẹ́ẹ̀tì ló kó àìsàn wọ̀lú.

Ìyá_Àgbà_Ìjẹ̀bú (8:02 àárọ̀)

Ìwọ ọmọ yìí, mo ti lé ní 70, ìyá tí ò ń sọ nípa rẹ̀ ni mí. Ta ló sọ fún ọ pé a ò ṣe é? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ìyá mi ń sùn sí nígbà ọyẹ́, gbogbo ilé ń sọ pé àjẹ́ ló ń jáde lóru. Ooru ni! Ó ń wá atẹ́gùn. Ṣé o rí i, a kì í sọ ọ́, nítorí ohun tí wọ́n máa sọ ọ́ dà.

Wọ́n tún sọ fún wa pé obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dáwọ́ dúró kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọkọ mọ́, pé tó bá sún mọ́ ọn, inú rẹ̀ á wú, oyún ìju ni yóò ní. Mo gba èyí gbọ́ títí mo fi di opó. Dókítà kan ló tó sọ fún mi pé irọ́ ni, pé ohun tí ọkùnrin bá dà síbẹ̀ kì í kó jọ sínú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí mo gbọ́, bàbá àwọn ọmọ ti lọ. Aṣírò, àbúrò mi, má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dẹ́rù bà ọ́ o. Ìsàlẹ̀ lè gbẹ lóòótọ́, kó máa dùn ọ́. Ìyẹn ní oògùn.

Apòògùn_Ẹ̀gbá (8:30 àárọ̀)

Màmá, ẹ ṣé gan-an ni. Ó ní oògùn lóòótọ́: jẹ́ẹ̀lì olómi wà, ìpara tó ní ẹ́sítírójìn díẹ̀ tí wọ́n ń fi síbẹ̀ gan-an náà wà.

Ọmọ_Èkìtì_ní_Peckham (1:44 ọ̀sán)

Mo ń ka èyí nínú bọ́ọ̀sì, omi ń bọ́ lójú mi.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀, ọmọ ọdún 49 ni mí, mo ń ṣe iṣẹ́ alẹ́. Dókítà àdúgbò (GP) ò tiẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ mi fún ti họ́mọ̀nù, ó ní ẹni tó ti lé ní 45, àmì ara rẹ̀ ti tó láti fi mọ̀. Ó fún mi ní HRT, oògùn tó ń dá họ́mọ̀nù padà sára: pátíìsì ẹ́sítírójìn tí mò ń lẹ̀ mọ́ ìdí, tí mo ń pààrọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, àti kápúsù họ́mọ̀nù kejì, projẹ́sítírónù, tí mo ń gbé mì lálẹ́. Kápúsù yẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tó ṣì ní ilé ọmọ, nítorí ẹ́sítírójìn nìkan lè mú kí ara inú ilé ọmọ nípọn débi tó lè di jẹjẹrẹ.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, pátíìsì ń já bọ́, mo ń bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo pe nọ́ọ̀sì, ó ní kí ni mo ń fi para? Òrí ni o! Òrí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ìkẹ́rẹ́. Kò lè lẹ̀ mọ́ ara tó ń dán. Mo wá fi ibi tí mo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ láìfi òrí pa á. Oṣù kejì ni mo tó sun oorun àsùnwọra.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní England, ìwé ìsanwó-sílẹ̀ kan wà fún oògùn HRT. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2023. Ní 2024 £19.80 ni, ó sì ń gbé yín dé ọdún kan. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀, owó tí a fi ń gba oògùn méjì péré ni.

Ní ti iṣẹ́: láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2024, òṣìṣẹ́ lè bèèrè àyípadà àkókò iṣẹ́ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọṣẹ́. Wọ́n lè kọ̀ o, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí òfin gbà. Mo bèèrè pé kí wọ́n yọ mí kúrò nínú iṣẹ́ alẹ́. Wọ́n yọ alẹ́ mẹ́ta kúrò nínú mẹ́rin.

Aṣírò_Ìbàdàn (2:20 ọ̀sán)

Wọ́n ní HRT ń fa jẹjẹrẹ ọmú ńkọ́?

Apòògùn_Ẹ̀gbá (4:05 ìrọ̀lẹ́)

Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn. Lọ́dún 2002, wọ́n dá apá kan ìwádìí ńlá kan dúró ní Amẹ́ríkà (Women's Health Initiative) nítorí pé jẹjẹrẹ ọmú pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lo oògùn oníhọ́mọ̀nù méjì papọ̀. Ìròyìn náà tàn kálẹ̀, ọ̀pọ̀ obìnrin da oògùn wọn nù. Ohun tí ìròyìn ò sọ dáadáa ni pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin yẹn ti lé ní ọdún 60, oògùn oníhóró tí wọ́n sì ń gbé mì ni. Ewu náà wà, ó kéré, ó sì ń pọ̀ sí i bí ọdún tí èèyàn fi lò ó bá ṣe ń pọ̀ sí i. Ti pátíìsì àti jẹ́ẹ̀lì kì í mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan bíi ti èyí tí a ń gbé mì. Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ láìmọ ohun tó fà á, kò gbọdọ̀ ra á fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣì wà nínú ẹgbẹ́ kejì yìí, ẹ̀gbọ́n. Àyẹ̀wò ṣáájú.

Ọmọ_Tuntun_Lẹ́kìí (5:30 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ pé ti ẹ̀yin àgbà lẹ ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìpadàsẹ́nuṣẹ́ ló fà mí wá. Ọ̀sẹ̀ 5 ni mo bímọ. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni mo wà. Ọ̀gá mi ní kí n dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n má sì gbé ọ̀rọ̀ ọmú wá. Irun mi ń já o, mo ń sunkún láìnídìí.

Alákòóso_Òṣìṣẹ́ (6:12 ìrọ̀lẹ́)

Iṣẹ́ ìgbanisíṣẹ́ ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n wọlé síbí.

Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54: ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ, ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Kò yẹ kí wọ́n jẹ́ kí o ṣiṣẹ́ rárá nínú ọ̀sẹ̀ 6 tó tẹ̀ lé ìbímọ yẹn. Bí o bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́, owó rẹ ní àkókò ìsinmi ìbímọ kò gbọdọ̀ kéré ju ìdajì owó oṣù rẹ lọ. Bí o bá padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òfin fún ọ láti fún ọmọ lọ́mú. Oṣù 6 tí o ń gbọ́ pé Èkó ń fúnni, ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni, láti 2014, fún ọmọ méjì àkọ́kọ́. Kò kàn ọ́. Fi ìwé kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ, má fi ẹnu sọ ọ́.

Sí Aṣírò: òfin yẹn dárúkọ oyún, ó dárúkọ ọmú, kò dárúkọ ohun tó ń ṣe yín. Nítorí náà ọgbọ́n ni ẹ máa fi ṣe é. Ẹ má kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí àṣìṣe kan. Mo ti rí i lójú mi, obìnrin tó mọṣẹ́ á lọ ní 48, 50, á ní "ara mi ò dá", kò sí ẹni tó bi í ní kí ló ṣe é.

Apòògùn_Ẹ̀gbá (6:40 ìrọ̀lẹ́)

Ìyá ọmọ, irun tó ń já lẹ́yìn ìbímọ máa ń padà hù. Ẹkún tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe ohun à ń mú mọ́ra. Sọ fún nọ́ọ̀sì tí o bá gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọ̀sẹ̀ kẹfà ló kù yìí.

Tẹ́là_Àná (8:55 alẹ́)

Aṣírò, ẹlẹgbẹ́ báńkì ni wá. Ṣé ẹ ti gbàgbé call-over ni? Ní báńkì, ta ló ń fi ojú ara rẹ̀ nìkan yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò? Ẹnìkan á ka tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan á wo ìwé. Kì í ṣe pé a gbọ́n ju àwọn yòókù lọ tí a ò fi ń ṣì, àṣìṣe ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, call-over ló ń mú un kó tó di ọ̀ràn. Ní iléèwé yín, ó dá mi lójú pé ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó ti gbogbo alẹ́ẹ̀tì.

Aṣírò_Ìbàdàn (9:03 alẹ́)

Háà. Èmi nìkan ni lóòótọ́.

Aṣírò_Ìbàdàn (ọjọ́ 18 lẹ́yìn náà, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:25 alẹ́)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti dé.

Kò sí ibà. TSH dára, kò sí gẹ̀gẹ̀. Kò sí oyún (Ìdọ̀wú, ẹ bá mi dúpẹ́). PCV mi jẹ́ 26, ẹ̀jẹ̀ mi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Dókítà wò mí, ó wo ìwé, ó tún wò mí, ó ní ṣé mo rìn wá síbí ni? Fáíbírọ́ìdì mẹ́ta ló wà nílé ọmọ, èyí tó tóbi jù tó ọsàn. Ìfúnpá mi náà ga díẹ̀. Ó ní méjì ló pàdé lára mi: họ́mọ̀nù tó ń lọ sílẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ tí mo ti ń dà nù tipẹ́. Orí tí kò rí ẹ̀jẹ̀ tó, tí kò rí oorun tó, kí ni mo rò pé ó máa fi ka owó?

Ó fún mi ní oògùn tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, àti oògùn irin (áyọ́ọ̀nù), ó ní kí n má fi tíì gbé e mì, kí n fi omi ọsàn. Àwọn Peckham, HRT di oṣù mẹ́ta sí i, tí wọ́n bá ti rí ìdí ẹ̀jẹ̀ yìí tí ìfúnpá sì ti wálẹ̀. Ó ní fáíbírọ́ìdì sábà máa ń súnkì nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n pé a ò ní jókòó retí ìyẹn pẹ̀lú PCV 26.

Mo sọ fún ọ̀gá mi. Mi ò lè sọ gbogbo rẹ̀ o, ọmọkùnrin náà lè jẹ́ àbúrò mi pátápátá. Mo ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré, dókítà ní kí n má jókòó sójú oòrùn. Wọ́n gbé tábìlì mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Mo wá ní kí wọ́n fún mi ní akọ̀wé kékeré tó wà ní ẹnu ọ̀nà, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré láràárọ̀, ká jọ ṣe call-over. Ọjọ́ kẹrin la bẹ̀rẹ̀ sí í padà sẹ́yìn sí táàmù tó kọjá. Tẹ́là, ẹ jókòó: alẹ́ẹ̀tì méje ni ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú mi kọ sílẹ̀ tí owó rẹ̀ ò wọ báńkì rí. Alẹ́ẹ̀tì ayédèrú ni! Ọ̀gá mi dìde dúró nígbà tí mo fi hàn án.

Tẹ́là_Àná (7:31 alẹ́)

Ẹ wí bẹ́ẹ̀!! MÉJE!

Ìyá_Àgbà_Ìjẹ̀bú (7:48 alẹ́)

Àbúrò mi, jẹ ẹ̀fọ́. Jẹ ẹ̀dọ̀. Lọ sùn.

Aṣírò_Ìbàdàn (8:10 alẹ́)

Ẹ ṣé, Màmá. Ọkọ Àdùkẹ́, fáànù oníbátìrì tí ẹ fi bẹ ìyàwó, níbo lẹ ti rà á? Èyí tí mo rà ní Dùgbẹ̀ ò lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Ọkọ_Àdùkẹ́ (8:26 alẹ́)

Màá bi í. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án mọ́.